Rírà Yàtọ̀ sí Fífọ́: Àlàyé Lórí Pàǹtí Tí À Ń Gbé Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Ojúde Ọba, régbérégbé wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí ọjọ́ orí wa jọra, lọ gbafẹ́ lójú omi ní Ẹ̀pẹ́. Àwa 34 la lọ, ọkọ̀ méjì la gbà, a sì ra omi ọ̀rá àpò 5. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò kan, ìyẹn 100 lápapọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi ni mo lọ ra omi náà, èmi náà ni mo sì ka ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a padà dé èbúté. A ti mu omi tán pátá. Ọ̀rá òfìfo tí mo bá nínú ọkọ̀ méjèèjì jẹ́ 41.

Níbo ni 59 yòókù wà? N kò rí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ju ọ̀rá sómi. Àgbà obìnrin ni wá, a sì ti kìlọ̀ fún ara wa kí a tó gbéra. Bàbá tó tu ọkọ̀ wa ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bó ṣe ń so okùn ọkọ̀ mọ́ òpó.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ jù ú. Atẹ́gùn ló gbé e."

Ó ní kí n tún jókòó síbi tí mo jókòó sí nígbà tí à ń lọ. Ó ní tí ẹ́ńjìnnì bá ti sáré, atẹ́gùn máa ń ti iwájú ọkọ̀ rọ́ wá sẹ́yìn, ó sì máa ń wọ abẹ́ ìjókòó. Ọ̀rá tí omi ti tán nínú rẹ̀ kò wúwo ju ewé gbígbẹ lọ. Ẹni tó gbé e lé itan, tó fi í há abẹ́ ẹsẹ̀, tó kì í bọ àpò ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì, bí ó bá yíjú wo ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ọ̀rá ti lọ. Kò ní gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì ń ké.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìwà ni gbogbo ọ̀rọ̀ pàǹtí: ọmọlúàbí kì í jù ú sómi, ẹni tí a kò kọ́ ló ń jù ú. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí yí èrò mi padà. Lórí ọkọ̀ tó ń sáré, ìwà rere nìkan kò tó. Ohun tó bá fúyẹ́, tó bá ti wọ inú ọkọ̀, ọ̀nà omi ló ń wá. Ilé ni a ti ń ṣẹ́gun rẹ̀, níbi tí a ti ń di ẹrù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tí omi yé léèrè, mo sì ń ka ohun tí mo bá rí kà, mo wá rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí a gbà gbọ́ nípa pàǹtí àti omi ni kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ẹgbẹ́ púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló ti ń fẹ́ràn irú ìgbafẹ́ yìí, tí ọ̀sà tí à ń lọ sì jẹ́ ibi tí ẹja tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ ti ń wá, mo fẹ́ là á yé ara wa.

"Omi á gbé e lọ"

Gbólóhùn tí mo gbọ́ jù nìyí. Odò tó ń ṣàn máa ń gbé nǹkan lọ lóòótọ́. Ọ̀sà yàtọ̀ sí odò. Ẹ wo bí omi wa ṣe tò. Odò Ọ̀ṣun gba Òṣogbo kọjá, ó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó wá já sínú ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí. Ọ̀sà Lẹ́kí fẹ̀ lọ salalu, ṣùgbọ́n kò jìn: ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tó mítà 3. Kò sì ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun. Omi rẹ̀ ní láti gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, kó wọ inú ọ̀sà Èkó, kó tó rí ẹnu ọ̀nà tó gba Èkó jáde sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ìrìn àjò yẹn gùn, ní ìgbà ẹ̀rùn sì rèé, omi kì í yára. Ẹni tó bá sọ ọ̀rá sínú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ dà bí ẹni tó da ìdọ̀tí sínú àmù tí yóò tún bu omi mu nínú rẹ̀ lọ́la.

Lójú ọ̀nà yẹn, ohun púpọ̀ ló ń dá a dúró. Koríko orí omi olódòdó àlùkò, tó gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ Nàìjíríà láti ìhà Àgbádárìgì ní 1984, máa ń tẹ́ bí ẹní lórí ọ̀sà. Bí ọ̀rá bá ti há sínú gbòǹgbò rẹ̀, ibi tí koríko bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Níbi tí omi ti ní iyọ̀, igi ẹ̀gbà wà níbẹ̀, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Àárín gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá pamọ́ sí títí wọn yóò fi dàgbà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rá máa ń so kọ́.

Èyí tó bá sì já sí òkun ńkọ́? Ìṣàn omi kan wà lẹ́bàá etíkun wa tí wọ́n ń pè ní ìṣàn Guinea. Láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ló ń lọ. Ohun tó bá gba Èkó jáde, ìhà ọ̀dọ̀ wa ló ń dojú kọ: etíkun Ogun Waterside, lẹ́yìn náà ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọ̀rá tí ọmọ Ìjẹ̀bú sọ nù ní Ẹ̀pẹ́ lè gba Èkó yí ká, kó tún padà wá bá ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn létí òkun. Létíkun ilẹ̀ wa bákan náà ni ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn lóru. Ọ̀kan nínú oúnjẹ ìjàpá yìí ni ẹ̀dá òkun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí ojú sì ń là á kọjá sí òdìkejì. Ọ̀rá tó ń léfòó nínú omi jọ ọ́ gan-an. Ìjàpá á gbé e mì, ọ̀rá á dí i nínú, ebi á pa á pẹ̀lú ikùn kíkún.

Ohun tó léfòó, ohun tó rì

Ojú oró níí lékè omi, òṣíbàtà níí lékè odò. Àdúrà tí à ń gbà fún ara wa nìyẹn. Àwọn kan a sì máa wo ojú ọ̀sà, bí wọn kò bá rí ìdọ̀tí tó lékè, wọ́n á ní omi mọ́. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ike kò rí bákan náà. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá omi fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ó máa ń léfòó. Ìdérí ìgò ike náà máa ń léfòó. Ṣùgbọ́n ìgò ike tí à ń mu mínírà àti omi nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é wúwo ju omi lọ. Bí ìdérí bá wà lẹ́nu rẹ̀, atẹ́gùn inú rẹ̀ á gbé e sókè. Bí ìdérí bá ti ṣí, omi á wọ inú rẹ̀, á sì rì lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rá pàápàá, bó bá pẹ́ lójú omi tí ewédò àti èérí bá lẹ̀ mọ́ ọn, á rì níkẹyìn. Ohun tí a bá rí lókè, díẹ̀ ni nínú ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rá kan náà tún léwu fún àwa tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń fa omi ọ̀sà sínú ara rẹ̀ láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bí ọ̀rá bá dí ojú ihò tó ń gba omi wọlé, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì kú. Bí ó bá wé mọ́ abẹ tó ń yí nínú omi, ọkọ̀ kò ní lè lọ síwájú. Bàbá tó tu ọkọ̀ wa fi ọ̀bẹ kékeré kan hàn mí tó fi sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọ̀bẹ náà kò ju kó máa fi gé ọ̀rá kúrò lára abẹ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ro ọkọ̀ tó kún fún èrò, tó kú sí àárín ọ̀sà, tí ojú ọ̀run sì ń ṣú bọ̀.

Rírà àti fífọ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, èdè wa sì ti ní ọ̀rọ̀ méjì tó lè là á fún wa. Ewé ń rà. Ike ń fọ́. Bí ewé bá rà, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti jẹ ẹ́ tán, ó ti di ilẹ̀, ó ti di oúnjẹ fún nǹkan mìíràn. Bí ike bá fọ́, ike ṣì ni. Oòrùn á mú kó gan, ìgbì á máa gbá a, á di méjì, á di mẹ́rin, á di ẹgbẹ̀rún. Èyí tó bá ti kéré ju mìlímítà 5 lọ, àwọn onímọ̀ ní orúkọ fún un, maikroplásítíìkì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kéré ju yangan tí wọ́n lọ̀ kúnná. Edé á gbé e mì, ẹja kékeré á gbé edé mì, ẹja ńlá á gbé kékeré mì. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22, wọ́n sì rí ike nínú ẹ̀jẹ̀ 17 nínú wọn. Ohun tó ń ṣe nínú ara ènìyàn ni wọ́n ṣì ń wádìí.

Ẹ ó ti rí àwọn àwòrán tó ń sọ pé ọ̀rá á lo ọdún báyìí, pé ìgò ike á lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan kó tó tán. Ẹ má fi ọkàn tán iye ọdún wọ̀nyẹn. Ọdún 1933 ni wọ́n ṣèèṣì rí irú polyethylene tí iléeṣẹ́ lè máa ṣe, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì pé 100 ọdún. Kò sí ẹni tó tíì rí òpin rẹ̀ lójú omi, ìṣirò ni gbogbo iye yẹn. Ohun tó dájú ni pé kò tíì sí ìran kan nínú ìdílé wa tó lo ọ̀rá tí ọ̀rá náà sì ti rà pátápátá lójú wọn.

Wàhálà tuntun tó wá dé ni ọ̀rá àti ife tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń jẹrà. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa ra irú ife bẹ́ẹ̀ ní owó gọbọi, inú rẹ̀ dùn pé bí atẹ́gùn bá tilẹ̀ gbé e, kò burú. N kò fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ òtítọ́ ibẹ̀. Irú kan wà tí wọ́n fi àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe, ẹ̀gẹ́ kan náà tí a fi ń yan gààrí Ìjẹ̀bú. Èyí lè rà lóòótọ́, àmọ́ nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀, níbi tí ooru ti tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Omi ọ̀sà wa kì í sún mọ́ ìgbóná bẹ́ẹ̀. Bó bá bọ́ sómi, bí ike yòókù ni yóò ṣe máa ṣe. Irú kejì ni ọ̀rá lásán tí wọ́n po èròjà kan mọ́ kó lè tètè fọ́. Fífọ́ ni wọ́n sọ di rírà fún wa. Àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dé títa irú rẹ̀ láti 2021.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ojú kì í kà mọ́ ike. Ìdí sìgá tó dà bí òwú, ike ni. Pépà tútù tí a fi ń nu ọwọ́ ọmọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní òwú ike nínú. Ife pépà tí wọ́n fi ń mu tíì ní awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, òun ni kì í jẹ́ kó jò. Ìlédìí àlòdànù àti páàdì obìnrin, ike pọ̀ lára wọn. Gílítà tí à ń lẹ̀ mọ́ ojú lọ sóde, ike kéékèèké ni, kò sì nílò oòrùn kó tó fọ́ mọ́.

Oúnjẹ ńkọ́?

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń rà, egungun ẹja ti inú omi wá, kí ló wá dé tí a kò lè dà á padà? Ìbéèrè yìí tọ́. Nínú gbogbo pàǹtí, oúnjẹ ni mo kà sí èyí tí ibi rẹ̀ kéré jù. Bí èèpo ọsàn kan bá bọ́ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́, kí ó má sunkún.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í lọ lẹ́ẹ̀kan. Ibì kan náà ni gbogbo wọn máa ń dúró sí láti jẹun, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ ọdún. Omi tí kò jìn, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí oúnjẹ bá ń rà nínú rẹ̀, rírà náà á máa gba atẹ́gùn tí ẹja fi ń mí nínú omi. Òróró ìrẹsì á tẹ́ lójú omi. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń rìn lókun pàápàá, òfin wà fún wọn. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL ní apá kan tó dá lórí pàǹtí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1988. Ó ka jíju ike sínú òkun léèwọ̀ níbi gbogbo, kò sí ibi tí wọ́n yọ sílẹ̀. Oúnjẹ tí a kò lọ̀ kúnná, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀ ju máìlì òkun 12 kó tó dà á, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 22. Kò sí ibi tí ẹ lè dúró sí lórí ọ̀sà wa tí ilẹ̀ jìn sí yín tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó gba sùúrù. Àwọn kan ń lọ sójú omi láti gbàdúrà, àwọn kan ń lọ fi nǹkan fún Olósà, òrìṣà ọ̀sà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Igbá, ewé, obì, ẹ̀kọ, gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa àgbà ń gbé lọ sójú omi ló ń rà. Ọ̀rá ni kò sí nínú rẹ̀ láyé wọn. Ohun tí mo bẹ̀ ni pé kí a tú ọ̀rá náà sílẹ̀ létí omi, kí a ká a, kí a sì mú un padà sílé, ìbáà jẹ́ kànhìnkànhìn àti ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ obì.

Òfin tó dè wá ní Ẹ̀pẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ka Ẹ̀pẹ́ sí ilé, ó sì jẹ́ ilé. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, Èkó Ẹ̀pẹ́ náà sì wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn ogun Èkó ti 1851. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ Èkó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba Èkó fòfin de abọ́ funfun fífúyẹ́ tí a ń pè ní tékàwè. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025, wọ́n fi ife àlòdànù, ṣíbí ike, sítírọ́ọ̀ àti ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju máíkírọ́ọ̀nù 40 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ni mìlímítà kan) kún un. Ẹgbẹ́ tó bá di oúnjẹ sínú tékàwè ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó mọ̀ pé ohun tí òfin ibẹ̀ kọ̀ ló ń gbé lọ. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ fún òfin yìí, nítorí tékàwè ni ọ̀dádá gbogbo wọn lójú omi: ó fúyẹ́ ju ọ̀rá lọ, ó sì máa ń fọ́ sí hóró wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ kò lè ṣà.

Àwọn ọmọ wa tó ń lọ ṣọjọ́ ìbí ní Zanzibar ní Tanzania tàbí Mombasa ní Kenya yóò bá òfin tó le ju èyí lọ. Tanzania ti fòfin de ọ̀rá ìkẹ́rù láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2019, àlejò tó bá gbé e dé yóò fi í sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ní Kenya, láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2020, a kò gbọ́dọ̀ mú ìgò ike àlòdànù, ife tàbí sítírọ́ọ̀ wọ ọgbà ẹranko tàbí etíkun tí ìjọba ń dáàbò bò. Ìdí wà fún un. Lábẹ́ òkun níbẹ̀ ni iyùn ń hù. Iyùn tí à ń so mọ́ ọrùn lọ sí Ojúde Ọba, egungun ẹ̀dá alààyè ni, láti òkun ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń kọ́ òkìtì ńlá lábẹ́ òkun kì í yára dàgbà, irú mìíràn kì í fi ju mìlímítà mélòó kan lọ lọ́dún. Ọ̀rá tó bò ó mọ́lẹ̀ á dí oòrùn mọ́ ọn lójú, á sì fi ọgbẹ́ sí i lára. Ìpara kan wà tí wọ́n fi ń dènà oòrùn lára, èròjà tó wà nínú rẹ̀ pàápàá lè ṣe é léṣe. Hawaii, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti fòfin de títa méjì nínú àwọn èròjà náà láti 2021. Ẹni tó bá ń lọ irú ibẹ̀, kí ó wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, kí ó dé fìlà, ó tó.

Ohun tí a yí padà

Ọdún tó tẹ̀lé e, a tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni a ti bẹ̀rẹ̀, ní àgbàlá ilé mi.

Omi la kọ́kọ́ yanjú. Omi ọ̀rá 100 tí a rà lọ́dún àkọ́kọ́, 50 sẹ́ńtílítà ni ọ̀kan, lítà 50 lápapọ̀. Ìgò omi ńlá tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ ìpọnmi ń gba nǹkan bí lítà 19. Mẹ́ta péré ti ju ohun tí a nílò lọ. A ra ẹ̀rọ ìfami kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ lórí rẹ̀, olúkúlùkù sì mú ife tirẹ̀ láti ilé, ife tó lọ́wọ́ tí a lè fi okùn so mọ́ àpò. A sọ fún awakọ̀ kí a tó gbé ìgò náà wọlé, nítorí ẹrù wúwo gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, láàárín ọkọ̀, kí ọkọ̀ má baà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ṣe gbé e wọlé láìsọ.

Lẹ́yìn omi, oúnjẹ. A ra ewé eéran ní ọjà, a sì pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ìrẹsì wà nínú kúlà onídèérí, a bù ú sínú abọ́ páànù tí ẹgbẹ́ ti ní láti ọdún gbọ́ọ́rọ́, tí a kàn gbé pamọ́ nítorí pé tékàwè ti sọ wá di ọ̀lẹ. Ẹran àti ẹja dídín náà, nínú abọ́ onídèérí. Mínírà onígò tí wọ́n ń gbà padà wà nínú kéréètì rẹ̀, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìgò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wa wà.

Ohun tí mo rò pé ó ṣiṣẹ́ jù, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi í rín mi. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo tú gbogbo bísíkítì, ṣingọ́ọ̀mù àti súìtì tí a rà kúrò nínú ọ̀rá wọn, mo kó wọn sínú ike ńlá onídèérí kan. Ọ̀rá wọn kún apẹ̀rẹ̀ kan. Gbogbo rẹ̀ ni ìbá wọ ọkọ̀. Ẹ̀bùn tí a fẹ́ pín, abọ́ àti aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀rá dídán wé, a fi í sínú bọ́ọ̀sì ní èbúté, ìgbà tí a padà dé ilẹ̀ la tó pín in. Báálúùnù kò bá wa lọ. Gílítà kò bá wa lọ.

Fún pàǹtí tí kò ṣeé yẹra fún, a mú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onídèérí méjì, ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì so ó mọ́ ìjókòó. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣí i, ẹnìkan ṣoṣo ló ń pa á dé. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ni iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tó ni ín. A yan obìnrin tó jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ọkọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni atẹ́gùn ń kó nǹkan lọ. A sì rọ gbogbo ènìyàn kí wọ́n lo ilé ìyàgbẹ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, nítorí irú ọkọ̀ yìí kò ní tirẹ̀.

Nípa ẹ́ńjìnnì, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ọlọ́kọ̀ nísinsìnyí kí n tó sanwó: ṣé èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróò ni, àbí èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà? Ti àkọ́kọ́, apá kan nínú epo náà ń jáde sínú omi láìjó. Bí èkejì bá wà, òun la ń gbà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́.

Agbada ìdalẹ̀nù kan wà ní èbúté nígbà tí a dé. Kò ní ìdérí, ó ti kún dé ẹnu, ẹyẹ àti ewúrẹ́ ń tú u, atẹ́gùn sì ń kó ohun tí wọ́n tú padà sínú ọ̀sà. A kò da tiwa síbẹ̀. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì sínú bọ́ọ̀sì, a gbé wọn padà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo dà wọ́n sílẹ̀ ní àgbàlá mi lálẹ́ ọjọ́ náà láti kà: ewé mọ́ínmọ́ín, èèpo ọsàn, egungun ẹja, ìdérí ìgò mínírà mẹ́rìnlá, ìlédìí ọmọ kan. Ọ̀rá omi méje náà wà níbẹ̀, tí ẹrẹ̀ ti bò. A kò gbé ọ̀rá omi lọ lọ́dún yẹn. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn ló ń fà wọ́n yọ lára koríko nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá dẹ̀rìn.